Òrùka Lẹ́yìn Férémù

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta

Òjò tún jò wọ gbọ̀ngàn kejì. Mo bá garawa mẹ́ta nílẹ̀ láàárọ̀ yìí, Bọ̀dá Kọ́kọ́rọ́ sì jókòó sáàárín wọn bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ ọwọ́. Òun ló ń ṣọ́ gbogbo ilẹ̀kùn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí, kò sì sí ọjọ́ tí kì í bú òrùlé rẹ̀. Ọ̀gá wa ní àtúnṣe di ẹ̀yìn òjò. Tí òjò bá wá tán, a ò ní rántí mọ́, ohun tó ń retí gan-an nìyẹn.

Kò sí ìròyìn nípa àbúrò mi. Màmá tún gbé oúnjẹ lọ sẹ́nu géètì ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n gbà á, wọn ò jẹ́ kó rí i. Mo mọ̀ pé àwọn wọ́dà ló ń jẹ ẹ́, Màmá náà mọ̀, ó sì tún ń fi ẹran sí i. Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ yìí ò ju pé ó ya Olórí orílẹ̀-èdè wa sára ògiri ibùdókọ̀, pẹ̀lú etí méjì tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Gbogbo àdúgbò ló rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù kẹta

Àwòrán Àwọn Alágbàfọ̀ fẹ́ rìnrìn-àjò. Ọ̀gá ló kéde rẹ̀ nípàdé, ó ń rẹ́rìn-ín bíi pé òun ló yà á. A máa yá orílẹ̀-èdè tó múlé tì wá ní àwòrán tó tóbi jù nínú ilé yìí, kó jẹ́ àmì ìrẹ́pọ̀, wọ́n á sì gbé e kọ́ sínú gbọ̀ngàn tí àwọn mínísítà wọn ti ń ṣèpàdé. Ìrẹ́pọ̀ wo? Oṣù tó kọjá ni àwọn sójà wa àti tiwọn yìnbọn lu ara wọn ní bodè.

Ṣùgbọ́n inú mi dùn díẹ̀, torí obìnrin tí mo ń pè ní Ọlọ́wọ́ Òsì ló máa gbà á lọ́hùn-ún. Ọ̀dọ̀ arúgbó kan tá à ń pè ní Bàbá la ti jọ kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe àwòrán, kí bodè tó di ojú ogun. Òun a jókòó lápá òsì tábìlì, èmi lápá ọ̀tún, kí ìgbọ̀nwọ́ wa má baà máa kọlu ara wọn. Mo mọ̀ pé ó máa kan férémù náà kó tó ṣe ohunkóhun. Ohun tí Bàbá kọ́kọ́ kọ́ wa nìyẹn: fi ẹ̀yìn ìka kan igi náà yíká, kó o gbọ́ bóyá kòkòrò ti gbẹ́ inú rẹ̀, kó o tó ṣí àpò irinṣẹ́ rẹ. Ẹni tó bá gbàgbé láti kàn án, Bàbá á ní kó lọ máa ta bàtà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 oṣù kẹta

Ọkùnrin kan wá bá mi ní yàrá iṣẹ́. Ọ̀gá ló mú un wọlé, lẹ́yìn náà ló sá jáde bí ẹni tó gbàgbé ìkòkò sórí iná. Ohùn ọkùnrin náà rẹlẹ̀ débi pé mo ní láti pa fáànù kí n tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Olóhùn Jẹ́jẹ́ ni mo máa pè é níbí, kò sọ orúkọ fún mi. Ó yin iṣẹ́ mi. Ó béèrè bí mo ṣe ń dí ihò tí kòkòrò bá gbẹ́ sínú férémù tí ojú ò fi ní rí i mọ́. Mo ṣàlàyé fún un bí òmùgọ̀, inú mi ń dùn pé ẹnì kan béèrè: ìyẹ̀fun igi kan náà, gọ́ọ̀mù, àwọ̀, lẹ́yìn náà eruku díẹ̀ kó lè dà bí ti tẹ́lẹ̀.

Ìgbà náà ló mú nǹkan kan jáde lápò. Kò ju bọ́tìnì ẹ̀wù òtútù lọ. Ó gbé e sórí tábìlì láàárín àwọn búrọ́ọ̀ṣì mi.

"Ẹ bá wa wá àyè fún un nínú férémù yẹn, mà."

Mo béèrè ohun tó jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti mọ̀.

"Etí ni," ó ní. "Ó máa gbọ́rọ̀ fún bí oṣù kan, bátìrì rẹ̀ á kú, wàhálà tán. Àbúrò yín á ti padà wálé nígbà yẹn."

Kò halẹ̀ mọ́ mi rárá. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó ń wo àwọn obìnrin inú àwòrán bí wọ́n ṣe ń fún aṣọ, ó ní wọ́n jọ àwọn tó mọ òfófó ṣe. Nígbà tó lọ tán, orí àga ni mo wà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù kẹta

Tí wọ́n bá rí nǹkan yẹn lọ́hùn-ún, ọwọ́ Ọlọ́wọ́ Òsì ló gba àwòrán, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú. Wọn ò ní béèrè bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀, àwọn tibí náà kì í béèrè. Tí mi ò bá sì ṣe é, inú àtìmọ́lé yẹn ni àbúrò mi máa kú sí. Mi ò rí ọ̀nà kẹta. Mi ò lè ránṣẹ́ sí Ọlọ́wọ́ Òsì, torí kò sí ohun tó ń kọjá bodè tí wọn kì í tú wò.

Màmá béèrè ìdí tí mi ò fi jẹun. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 oṣù kẹta

Mo ti ṣe é.

Olóhùn Jẹ́jẹ́ jókòó tì mí látàárọ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn. Ẹ̀yìn férémù ni mo gbẹ́, nísàlẹ̀, níbi tí igi ti nípọn jù. Mo fi etí náà sí i, mo dí i, mo kùn ún, mo fi eruku pa á. Iṣẹ́ náà mọ́. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ pé ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo ti bà á jẹ́ rèé. Gbogbo àwa tá a kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá, a kì í pa ihò dé ká má gé àmì sí i. Àmì tìrẹ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà èyí tó máa sọ fún ẹni tó bá tún fẹ́ ṣí i lọ́jọ́ iwájú ohun tó wà nínú ẹ̀: àgbélébùú kékeré tí kòkòrò bá ti kú, òrùka kékeré tó bá ṣì wà láàyè. Ọwọ́ mi ti gé ilà mẹ́ta tèmi kí orí mi tó rántí pé ó yẹ kí n fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìlámì. Tí mo bá ha á kúrò, igi á funfun, ọkùnrin yìí á béèrè kí ló dé. Tí mo bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́wọ́ Òsì á wá wò ó pé kí ló ṣe mí tí mi ò fi parí rẹ̀. Mo gé àgbélébùú sí i. Ó ti kú, kò séwu.

Láti ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mi ò tíì parọ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi rí. Mo wẹwọ́ títí awọ fi ń ta mí.

Ọjọ́rú, 20 oṣù kẹta

Àpótí ti lọ. Ọ̀gá bá a lọ tòun ti kóòtù tuntun. Bọ̀dá Kọ́kọ́rọ́ ní ibi tí àwòrán náà ti kúrò lára ògiri dà bí ẹnu tí eyín ti ká. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Kò bínú. Ó lọ bù tíì wá fún mi.

Ọjọ́bọ̀, 28 oṣù kẹta

Ẹyin tún ti wọ́n sí i. Mo nílò rẹ̀ láti pò àwọ̀ níbi iṣẹ́, Màmá sì ń wò mí bí olè tí mo bá ti mú méjì nínú abọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan látọ̀dọ̀ Olóhùn Jẹ́jẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 oṣù kẹrin

Ọ̀gá dé pẹ̀lú ìbínú. Wọn ò gbé Àwọn Alágbàfọ̀ kọ́ sí gbọ̀ngàn mínísítà. Ọ̀nà tóóró tó lọ sí ilé ìdáná ni wọ́n gbé e kọ́ sí! Ọlọ́wọ́ Òsì ló ní oòrùn gbọ̀ngàn yẹn máa jẹ àwọ̀ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè yí i lérò padà.

Mo rọra béèrè bí obìnrin náà ṣe gba àwòrán. Ọ̀gá ní ó kan férémù yíká, ó tún padà kan ibì kan, ó ní kí wọ́n fi àwòrán náà sílẹ̀ fún òun di ọjọ́ kejì. Nígbà tí Ọ̀gá ń bọ̀, ó ní kó kí mi, pé òun dá ọwọ́ mi mọ̀.

Mo ti wọ gbọ̀ngàn yẹn rí nígbà tí bodè ṣì ṣí. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, igi ńlá kan ló sì bò ó mọ́lẹ̀. Kò sí oòrùn níbẹ̀ rárá.

Ó mọ̀. Ó mọ̀, kò sì fi mí sùn. Mo wọ ilé ìwẹ̀ níbi iṣẹ́, mo sunkún níbẹ̀, mo wá bọ́jú, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́rú, 17 oṣù kẹrin

Olóhùn Jẹ́jẹ́ wá. Òjò pa á, omi ń kán láti etí aṣọ rẹ̀ sórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.

"Oṣù kan gbáko là ń gbọ́ àwo àti ṣíbí, mà," ó ní.

Mo ní mo ti ṣe ohun tó ní kí n ṣe. Ó béèrè bóyá èmi àti obìnrin ọ̀hún ti mọra tẹ́lẹ̀. Mo ní a jọ kọ́ṣẹ́ ni. Ó béèrè bóyá ọ̀nà kan wà tí ẹni tá a jọ kọ́ṣẹ́ fi lè mọ̀. Mo ní kò sí. Ó ní òun gbà mí gbọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òjò. Ká ní ó pariwo mọ́ mi ni, ọkàn mi ì bá balẹ̀ jù báyìí lọ. Kó tó jáde, ó ní bátìrì ti kú, kí n má da ara mi láàmú mọ́. Ó ní àbúrò mi máa tó dé.

Ọjọ́bọ̀, 25 oṣù kẹrin

Wọ́n dá abọ́ oúnjẹ Màmá padà láìfọwọ́ kàn án. A ò mọ̀ bóyá ìyẹn dáa.

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù karùn-ún

Àwòrán ti padà dé. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ní ó máa lò lọ́hùn-ún, kò sì sẹ́ni tó ṣàlàyé fún mi. Àwọn tó gbé e wá ní ó pẹ́ ní bodè, lápá tiwa, torí àwọn aláṣẹ gba àpótí náà lọ́wọ́ wọn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wà nínú yàrá iṣẹ́ mi báyìí, mi ò tíì ṣí i. Àwòrán tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé gbọ́dọ̀ sinmi nínú àpótí kí afẹ́fẹ́ yàrá lè mọ́ ọn lára.

Olóhùn Jẹ́jẹ́ pè. Kí n ṣí àpótí nígbà tó bá yá, àmọ́ kí n má fọwọ́ kan férémù. Àwọn ọmọọṣẹ́ òun máa wá yọ òkú nǹkan yẹn fúnra wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 oṣù karùn-ún

Wọ́n ti tú àbúrò mi sílẹ̀!

Ó kàn rọra wọlé lọ́sàn-án bí ẹni tó ti ọjà dé. Màmá ń to aṣọ lọ́wọ́, ó jókòó lé e lórí. Ọmọ náà ti rù, ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì nà mọ́. Ọwọ́ tó fi ń yàwòrán ni. Nígbà tó rí i pé mò ń wò ó, ó tì í bọ àpò. Ó ní wọ́n kàn ní kó máa lọ ni, kó padà wá fẹnu jẹ́jọ́ lọ́jọ́ Ajé.

Mi ò fẹ́ bi ara mi ìdí tó fi jẹ́ pé ọjọ́ kejì tí àwòrán dé ni wọ́n tú u sílẹ̀. Inú mi ń dùn, ẹ jẹ́ kí n gbádùn rẹ̀.

Ọjọ́rú, 8 oṣù karùn-ún

Mo ṣí àpótí. Àwọn obìnrin náà dé láyọ̀, àwọ̀ wọn pé. Bọ̀dá Kọ́kọ́rọ́ bá mi gbé wọn sórí àgbékọ́, ojú wọn sí yàrá, ẹ̀yìn wọn sí ògiri. Mi ò kan férémù. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀, kí ni mo tún fẹ́ gbọ́? Ojú Bàbá wá sọ́kàn mi, mo gbé e kúrò.

Ọkọ̀ alágbàfọ̀ kan wà ní òdìkejì títì láti àná. Àwòrán ṣòkòtò àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun wà lára rẹ̀. Bọ̀dá Kọ́kọ́rọ́ ní àwọn ìbátan àwòrán wa ló wá kí i káàbọ̀. Títí a fi tilẹ̀kùn, mi ò rí ẹni tó gbé aṣọ wá fún wọn.

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù karùn-ún

Àbúrò mi wá bá mi níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án. Ó ní ògiri ilé ò nípọn, Màmá sì máa sunkún. Mo mú un wọ yàrá iṣẹ́, mo tilẹ̀kùn. Mo tiẹ̀ fọ́nnu pé kò síbi tó dákẹ́ tó yàrá yìí nínú gbogbo ìlú.

Ó jókòó sórí àpótí òfìfo níwájú àwòrán. Ó ní òun ò ní padà lọ́jọ́ Ajé.

"Ìka méjì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ ohun tí wọ́n máa gbà tí mo bá padà."

Ó ní òun ti bá awakọ̀ kan sọ̀rọ̀. Lọ́la, lẹ́yìn ọ̀sán, lọ́rì tó ń kó yanrìn máa gbé e gba ọ̀nà òkè títí dé bodè. Mo ní kó lọ bá Ọlọ́wọ́ Òsì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: etí, àmì tí mo gé, ọ̀nà ilé ìdáná. Ó tẹ́tí sí mi tán, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun ya etí sára ògiri, wọ́n mú òun, èmi rì í mọ́ igi, wọ́n ń pè mí ní mà. Ẹ̀rín náà ran èmi náà. A ò tíì rẹ́rìn-ín báyìí láti ìgbà tí wọ́n mú un.

A dì mọ́ra wa. Mi ò gbọ́dọ̀ lọ síbi tó ti máa wọ ọkọ̀. Kò ní fóònù lọ́wọ́, wọ́n ti gbà á, inú ilé awakọ̀ náà ló sì máa sùn, èmi ò mọ ibẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 oṣù karùn-ún

Mò ń kọ èyí kíákíá.

Mo tètè débi iṣẹ́, mi ò rí nǹkan ṣe. Mò ń ro Ọlọ́wọ́ Òsì, bó ṣe máa ṣílẹ̀kùn, tó máa bá ọmọ ìyá mi níta. Mo rò pé ó yẹ kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́nà kan. Mo bá lọ síwájú àwòrán, mo kan férémù yíká bí Bàbá ṣe kọ́ wa. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, ohùn igi kú. Ohùn igi tútù ni, bí ibi tí gọ́ọ̀mù kò tíì gbẹ.

Mo yí àwòrán náà padà. Ilà mẹ́ta tèmi wà níbẹ̀, àgbélébùú mi wà níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ilà kan ṣoṣo tó tẹ̀ sápá òsì, àmì Ọlọ́wọ́ Òsì, àti òrùka kékeré. Ó ti tún irọ́ mi ṣe. Ohun tó wà níbẹ̀ ṣì wà láàyè.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló já mi láyà jù. Wọ́n tún ti ṣí ihò náà lẹ́yìn tirẹ̀. Ẹni tó dí i ò mọṣẹ́, kò kùn ún, kò gé àmì kankan sí i. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ èékánná mi. Ní bodè ni wọ́n ti ṣe é, lápá tiwa, wọ́n ti fún etí wọn ní bátìrì tuntun, wọ́n sì gbé e wá fún mi. Èmi ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Gbogbo ohun tá a sọ lánàá ni wọ́n gbọ́: lọ́rì yanrìn, ọ̀nà òkè, lẹ́yìn ọ̀sán. Èmi ni mo ní kó jókòó síbẹ̀. Ọlọ́run mi, èmi ni mo ní kó jókòó síbẹ̀.

Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó tí mo fi dúró. Bọ̀dá Kọ́kọ́rọ́ ló gbé tíì wọlé. Ó rí àwòrán tí mo yí padà, ó rí ọwọ́ mi lórí ihò náà. Ó fẹ́ béèrè nǹkan, mo ṣáájú rẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ bá mi dúpẹ́. Àbúrò mi ti yí ọkàn padà. Ó ní ọ̀nà òkè ò dá òun lójú mọ́, ọkọ̀ ojú omi ló fẹ́ wọ̀. Á ti máa sún mọ́ etí odò báyìí."

Ó wo férémù náà. Ó wo ojú mi. Ọkùnrin yìí kì í gbóhùn sókè nínú ilé yìí, àwọn ọmọ iléèwé tó bá ń pariwo ló máa ń lé jáde.

"Ọ̀nà odò gan-an ló dáa," ó ní, ohùn rẹ̀ kún gbogbo yàrá. "Kí Ọlọ́run mú un gúnlẹ̀ láyọ̀."

Ó gbé tíì kalẹ̀, kò dà síta rárá.

Mo lọ dúró sí fèrèsé ọ̀nà àbákọjá. Ọkọ̀ alágbàfọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo ti ń rò pé wọn ò gbà mí gbọ́, nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dún. Ọkùnrin méjì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n dúró sẹ́bàá títì. Ọkọ̀ náà sáré dé oríta, ó dúró díẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni òkè. Ó yà sọ́wọ́ òsì, sọ́nà odò.

Agogo ti kọjá ọ̀kan. Lọ́rì yanrìn á ti gbéra. Tí wọ́n bá dé etí odò tí wọn ò bá a, wọ́n máa mọ̀ pé mo purọ́ fún wọn, àwọn méjì tó kù níta ò sì jìnnà sí mi. Wọ́n ti sọdá títì. Bọ̀dá Kọ́kọ́rọ́ gbé àga rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, òun fẹ́ jókòó díẹ̀. Gbogbo kọ́kọ́rọ́ wà ní itan rẹ̀.

Mo mú ọ̀bẹ kékeré. Mo ha àgbélébùú yẹn kúrò, igi náà funfun níbẹ̀, kó funfun. Mo gé ilà mẹ́ta tèmi sábẹ́ ilà Ọlọ́wọ́ Òsì, mo sì gé òrùka tì í.